Tíṣà Keziah Tó Gé Apá Gbogbo Bùbá Rẹ̀

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ bíi Tíṣà Keziah ní èèyàn sínú fún ọdún mẹ́fà, ẹ bi onítọ̀hún bóyá wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ rí níṣojú gbogbo ayé, kí wọ́n tún wá fi í ṣe ẹlẹ́yà. Èmi Ọlákúnlé, tí mo ń fi bọ́ọ̀sì kékeré ná ọ̀nà Òkukù, Inísà àti Ìkìrun láti ọdún 1986, ọ̀rọ̀ náà ṣojú mi. Mo tún dá sí i, mi ò sì kábàámọ̀.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Keziah, kì í pariwo. Kíláàsì kẹrin ló ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Inísà, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi. Àgùnbánirọ̀ kan tí ìjọba gbé wá sí Inísà ló kọ́ ọ ní ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ń lọ, ó fi pátákó àti ọmọ ayò sílẹ̀ fún un. Ọba funfun ti sọnù nínú wọn, Keziah sì fi òkú bátìrì rédíò rọ́pò rẹ̀. Dráfù ni àwa ń ta ní gáréèjì, ariwo àti èébú ló kún inú rẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ṣẹ́ẹ̀sì, mo rò pé ńṣe ni wọ́n ń gbàdúrà.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde ọdún 1988, àwọn olùkọ́ agbègbè wa ṣe ìdíje ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìkìrun. Èmi ni mo gbé àwọn ti Inísà lọ, mo sì dúró lójú fèrèsé láti máa wòran títí wọn yóò fi ṣe tán. Ó ku ẹni méjì: Keziah, àti Ọ̀gbẹ́ni Jọláyẹmí, olùkọ́ ìṣirò láti Òkukù. Ẹ ó mọ irú ẹni tó jẹ́ bí mo bá sọ fún yín pé bírò mẹ́ta ló máa ń kì bọ àpò àyà, ó sì máa ń pè mí ní "dírẹ́bà" bíi pé ìyá mi ò sọ mí lórúkọ.

Keziah ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Ó na ọwọ́ síwájú láti gbé ọmọ ogun kékeré kan, apá bùbá rẹ̀ tó fẹ̀ sì rá ayaba tirẹ̀, ọmọ ayò tó lágbára jù, lára. Ayaba mì, kò ṣubú.

"Ẹ ti fọwọ́ kan ayaba," ni Jọláyẹmí wí. "Ohun tí a bá fọwọ́ kàn la ó gbé."

Òfin ṣẹ́ẹ̀sì nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́.

"Aṣọ mi ni, sà," ni Keziah dáhùn. "Ọwọ́ mi ò kàn án rárá."

Ríférì wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí. Òun àti Jọláyẹmí jọ kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni, àwo kan náà ni wọ́n jọ fi ń jẹun. Nígbà tí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ìrẹsì gbà wọlé ni ó kọjú sí. Kò bi èrò ìwòran, kò bi èmi tí mo wà lójú fèrèsé. Jọláyẹmí ló bi! Ìyẹn fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ìka rẹ̀ ni. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i."

"Ẹ gbé e, mísì," ni Olúsọjí wí.

Keziah gbé ayaba. Kò sí ibi tó lè gbé e sí tí wọn ò ní jẹ ẹ́, wọ́n sì jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí ayò fi parí. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ àti aago ara ògiri fún Jọláyẹmí. Dípò kó gba nǹkan rẹ̀ kó jókòó, ó mú apá agbádá ara rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n síwájú àwọn èèyàn, ó kígbe pé, "Aṣọ ló ta á!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ Inísà ti sọ ọ́ di orúkọ fún un. Tíṣà Aṣọ-ló-ta-á. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nídìí kànga. Mo gbọ́ pé ẹnì kan pè é bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn akọrin pàápàá.

Lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti Ìkìrun, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló jókòó. Nígbà tí a dé oríta Inísà, ó yíjú sí mi.

"Bọ̀dá Ọlákúnlé," ló wí, "màá jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Kí ni, Tíṣà?"

"Pé aṣọ ni."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó gé apá bùbá rẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá dé ìgbọ̀nwọ́, títí kan èyí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, nínú ọyẹ́ o, nínú òjò o, apá kúkúrú ló ń wọ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ó ti gbé e mì. Àdàbà ń pògèdè, ó ṣebí ẹyẹlé ò gbọ́. Ẹyẹlé gbọ́, títiiri ló tiiri.

Ní ọdún 1989, ó fi ìwé kan rán mi sí Jọláyẹmí ní Òkukù. Ó ní kí àwọn ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nípa ìwé. Ojú ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní lẹ́tà níhà kan, ó ní nọ́ńbà níhà kejì. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ síwèé pé ohun báyìí ti kúrò níbí lọ sí ọ̀hún, ẹni tó wà nílùú mìíràn yóò gbé e lórí pátákó tirẹ̀. Ó ní kí n máa gbé ìwé náà lọ, kí n máa gbé e bọ̀. Jọláyẹmí rẹ́rìn-ín, ó ka ìwé náà sókè fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì gbà. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ọkùnrin olófin ni, ó kọ àdéhùn kan, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ mi. Mo kó o mọ́ àwọn ìwé ọkọ̀ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ìwé tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ dírẹ́bà, tí mọ́tò sì ti gbéra, ẹni tó kọ ọ́ kò gbọdọ̀ gbà á padà.

Jọláyẹmí ló kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí.

Bí Keziah ṣe ń ta ayò rẹ̀ rèé. Á gbé pátákó sórí àpótí aṣọ, á jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, á sì máa wò ó. Kò ní gbé ohunkóhun kó tó kọ ọ́ síwèé tán. Kò fẹ́ràn ayaba. Kí ayò tó gbóná ni yóò ti wá ọ̀nà tí ayaba tirẹ̀ àti ti ọ̀tá yóò fi jẹ ara wọn, kí ojú ọ̀nà lè mọ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá ṣáká ni ìparí, nígbà tó bá ku ọba àti àwọn ọmọ ogun kéékèèké bíi mélòó kan, tí sùúrù àwọn ẹlòmíràn ti tán. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ẹṣin. Ẹṣin kì í rìn gbọọrọ, ó máa ń ṣẹ́ kọ́nà ni, ìgbà púpọ̀ ló sì ti ṣẹ́ kọ́nà yọ sí i láìròtẹ́lẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, á jẹ ẹ̀pà ìkúnwọ́ méjì, á tún jókòó lé ọwọ́ rẹ̀. Pátákó rẹ̀ kì í yí padà: dúdú ló máa ń fún ara rẹ̀, Jọláyẹmí ló ní funfun. Òkú bátìrì yẹn wá di Jọláyẹmí. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Eré ni Jọláyẹmí máa ń sá ní tirẹ̀. Ó máa ń kọ lù ni, ohunkóhun tó bá rí níwájú ló ń jẹ, bí ewúrẹ́ tó já wọ oko ẹ̀gẹ́. Gbogbo ìwé tó bá fi ránṣẹ́ ló ń fi ẹ̀fẹ̀ sí nísàlẹ̀: "Ẹ rọra na ọwọ́ o." Tàbí, "Kí aṣọ ọ̀hún ṣe ńkọ́?" Keziah kò fèsì sí ọ̀kan rí. Ó ń kó wọn sínú agolo mílíìkì kan, ó sì ń kọ déètì sẹ́yìn wọn.

Ayò kìíní, Keziah pàdánù rẹ̀. Ẹṣin ni. Jọláyẹmí lẹ ìwé tó kẹ́yìn mọ́ ògiri yàrá olùkọ́ wọn. Ìkejì gbà wọ́n ju ọdún kan lọ, wọ́n parí rẹ̀ ní ọ̀mì. Ìkẹta bẹ̀rẹ̀ nígbẹ̀yìn ọdún 1993, òun náà ni mo jókòó sọ.

Ẹ rántí bí epo ọkọ̀ ṣe di ohun àwárí nígbà náà. Èmi tí mo ń lọ tí mò ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, mo di ẹni tó ń rìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́ lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa gbọ́ èsì. Keziah kò bìkítà. Ara Jọláyẹmí kò gbà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìgbésẹ̀ méjì sínú ìwé kan, ti òní àti ti ọ̀la: "Mo ta báyìí. Ohun yòówù kí ẹ ta tẹ̀ lé e, báyìí ni màá tún ta."

Lọ́jọ́ tí Keziah kọ́kọ́ rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. Ó wò mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú rẹ̀ ń dán.

"Ó ti ń kánjú," ló wí.

Ó wá fi ọmọ ogun kékeré kan sílẹ̀ ní gbangba, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Èèyàn tó bá ní sùúrù yóò béèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ Jọláyẹmí ju Keziah lọ? Ìwà ẹni ló ń wò, kì í ṣe ojú ayò. Ilé ìṣọ́ kan ṣoṣo, ọmọ ayò tó rí bí ilé gogoro, ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọba Jọláyẹmí, ilé ìṣọ́ yẹn náà ló sì lè jẹ ọmọ ogun tó wà ní gbangba yìí. Bó bá lọ jẹ ẹ́, ilé ìṣọ́ ti Keziah á wọlé tọ ọba lọ nínú yàrá. Gbogbo ohun tó kù ni kí ojú kán Jọláyẹmí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Keziah fi dúró. Ó ní òun ń gbàdúrà sí i. Mo ní, "Tíṣà, ṣé irú èyí náà wà lára àdúrà?" Ó ní Ọlọ́run mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìkìrun, pé Òun náà wà níbẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1994, Jọláyẹmí fún mi ní ìwé ní Òkukù ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo fi í há abẹ́ ìbòjú oòrùn lókè gíláàsì iwájú, mo gbéra. Ní Inísà, mo tò sórí ìlà epo. Ọkọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà níwájú mi. Àwọn èrò mi sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ìbòòji, àwọn kan ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Àmọ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì.

Bí aago mẹ́wàá ṣe ń lù, ọ̀kadà kan sá eré dé. Jọláyẹmí ni, eruku ti sọ irun àgbọ̀n rẹ̀ di pupa. Bírò kan ṣoṣo ló kù lápò rẹ̀.

"Dírẹ́bà! Ìwé mi dà?"

"Ẹ kú ìrìn, sà. Ó wà níbí."

"Gbé e fún mi. Mo fẹ́ tún un kọ."

Ó ti rí i! Ó ti padà sídìí pátákó rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó sì ti rí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: pé ohun yòówù kí Keziah ta, ilé ìṣọ́ òun yóò lọ jẹ ọmọ ogun tó wà ní gbangba. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀. Mo ṣí ibi tí ìwé ọkọ̀ wà, mo fa àdéhùn jáde, mo rọra kà á sí i létí.

"Mo mọ ohun tí mo kọ!" ló wí. "Ìwé ọ̀hún ò tíì dé ọwọ́ obìnrin yẹn."

"Ẹ ò kọ ọ́ pé kó dé ọwọ́ wọn, sà. Ẹ kọ ọ́ pé kí mọ́tò gbéra. Mọ́tò ti gbéra."

Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé síbi ìbòjú oòrùn.

"Ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn lẹ ó gbé o, sà," ni mo wí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ó fà á padà. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ ẹni tó wà lórí ìlà epo bí ìjà ẹlòmíràn. Ilé ìwé Keziah kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì ti lọ sọ fún un pé ọkọ̀ mi dé. Ó dé pẹ̀lú ẹfun ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, apá bùbá rẹ̀ ò kọjá ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó rí Jọláyẹmí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ kí ó kí ẹni tó jù ú lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mísì Keziah, ẹ bá mi bá dírẹ́bà yìí sọ̀rọ̀. Àṣìṣe ni mo ṣe nínú ìwé yẹn. Èmi àti ẹ̀yin, olùkọ́ ni wá."

Keziah dìde. "Sà, lọ́dún 1988 ní Ìkìrun, ṣé ìka mi ni àbí aṣọ mi?"

"Ṣé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lẹ tún ń..."

"Ìka mi ni àbí aṣọ mi?"

Jọláyẹmí wo èmi, ó wo abẹ́ ìbòjú oòrùn, ó wo àwọn èrò. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sínú irun àgbọ̀n rẹ̀.

"Mi ò gbọ́, sà," ni Keziah wí. "Ní Ìkìrun, ẹ sọ ọ́ sókè."

"Aṣọ ni!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé ẹni tó ń ta epo yíjú padà. "Aṣọ ló rá a. Mo rí i pé kì í ṣe ìka. Ó tó?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Keziah nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó wá na ọwọ́ sí mi, mo fa ìwé náà yọ, mo fún un. Jọláyẹmí tẹ́wọ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣebí òun ni wọ́n fẹ́ gbé e fún.

Keziah tú ìwé náà, ó kà á. Ó yá bírò lápò Jọláyẹmí fúnra rẹ̀. Ó gbé ìwé náà lé iwájú ọkọ̀ mi tó gbóná, ó kọ ìgbésẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ èyí tí Jọláyẹmí ti ṣèlérí tẹ̀ lé e. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé ilé ìṣọ́ òun wọlé, ọba kú. Ó wá fi ìwé àti bírò lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Ẹ ò ní dúró de mọ́tò lọ́tẹ̀ yìí, sà."

"Mo ti sọ òtítọ́ fún yín!"

"Ẹ ṣeun, sà. Ìbéèrè ni mo bi yín. Mi ò bá yín dá májẹ̀mú kankan."

Àmọ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì, tó jẹ́ pé inú ìjọ kan náà lòun àti Keziah wà, fọwọ́ kàn án léjìká. "Tíṣà, ẹ foríjì wọ́n. Wọ́n ti jẹ́wọ́."

"Mo ti foríjì wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti pẹ́," ni Keziah dáhùn. "Ṣẹ́ẹ̀sì lèyí."

Ó padà sí kíláàsì rẹ̀, nítorí aago ti lù.

Ní ti èmi, mi ò ní sùúrù bíi tirẹ̀, mi ò sì dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Gbogbo èrò tó wọ ọkọ̀ mi láti ọjọ́ náà ló gbọ́ ìtàn yìí kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé Jọláyẹmí ní Òkukù ti ń pè é ní Aṣọ-ni. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi aago ara ògiri tó gbà ní Ìkìrun rán mi, ó fi ìwé ìròyìn wé e, kò kọ ẹ̀fẹ̀ kankan sí i. Orúkọ mi ló pè nígbà tó ń gbé e fún mi. Keziah gbé aago náà kọ́ sí kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ sì ń fi í mọ ìgbà tí wọ́n máa lọ ṣeré.

Mo rò pé ó ti parí. Ní Sátidé kan, Keziah wá bá mi ní gáréèjì. Ó tún wọ bùbá alápá kúkúrú, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀, òtútù sì ń mú.

"Tíṣà," ni mo wí, "ṣé ẹ ò tíì rán bùbá gidi ni? Ẹ ṣáà ti borí. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ó wò mí bó ṣe máa ń wo ọmọ tí ìṣirò kò yé.

"Bọ̀dá Ọlákúnlé, ta ló ní kí n gbé ayaba lọ́jọ́ yẹn?"

Ọkàn mi padà sí Ìkìrun. Mo rántí ríférì tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí ìrẹsì ń gbà wọlé.

"Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí ti di ọ̀gá ilé ìwé ní Eko Ende," ló wí. "Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, àti pé wọn kì í kọ̀ bí ènìyàn bá pè wọ́n níjà." Ó fa ìwé kan tó ká dáadáa jáde. "Mo mọ̀ pé ọ̀nà yín ò gba ibẹ̀."

Lóòótọ́, ọ̀nà mi ò gba ibẹ̀. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dìde láti lọ wá dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Eko Ende.